Ohun tí fọ́ọ̀ṣà £49 rà fún wa nígbà òtútù

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2023, nígbà tí òtútù ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé tí ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́ta sì ti ń dé fìlà sùn, mo mú fọ́ọ̀ṣà £49 (voucher, àmì tí a fi ń gba owó gáàsì) tí àjọ aláàánú kan fi ránṣẹ́ sí wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìkòríta wa ní Abbey Wood, ní gúúsù ìlà-oòrùn London. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ tan iná pupa ẹ̀rọ rẹ̀ sí àmì tó wà lójú fóònù mi, ó ki káàdì gáàsì wa bọ inú ẹ̀rọ PayPoint, ó yọ ọ́, ó ní owó ti wọlé. Mo sáré délé, mo ki káàdì náà bọ mítà tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn, mo ń retí £49. £14.64 ni mo rí. Ìyàwó mi ní bóyá ọmọ yẹn ti yọ tirẹ̀ nínú rẹ̀, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí, nítorí ọmọ náà kò mú kọ́bọ̀ nínú owó wa.

Láti ọjọ́ náà títí di ìsinsìnyí, oríṣi ìrànwọ́ mẹ́ta ni mo ti bá pàdé ní Ìlú Ọba lórí owó gáàsì àti iná ìgbà òtútù: ọ̀kan fún ilé tèmi, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan fún àǹtí ìyàwó mi. Mo kọ àyẹ̀wò yìí fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbí, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu èèyàn pé ìrànwọ́ wà ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ èyí tó yá, èyí tó ń fi àkókò ẹni ṣòfò, àti èyí tí físà wọn fàyè gbà. Ìwọ̀n tí mo fi ń wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò le: nínú owó tí wọ́n ní àwọn fún ọ, èló ló di ooru nínú ilé rẹ, ojú wo ni wọ́n sì fi wò ọ́ nígbà tí o wá gbà á?

Fọ́ọ̀ṣà ni kí a kọ́kọ́ mú. Àjọ tó wà lẹ́yìn èyí tí a gbà ni Fuel Bank Foundation. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, nítorí wọ́n rí i pé ẹni tó gba oúnjẹ ní food bank, ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún aláìní, lè gbé e délé kí ó má rí iná tí yóò fi sè é. Ènìyàn kì í lọ bá wọn tààrà. Àwọn food bank, àwọn ọ́fíìsì Citizens Advice tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tí wọ́n ti bá ṣe àdéhùn ni ó ń fi orúkọ ẹni ránṣẹ́. Àwọn tó ń lo mítà àsansílẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún ní pàtàkì, irú mítà tí àwa tí a ti ra yúnìtì rí ní Ìbàdàn tàbí Èkó mọ̀ dunjú: bí owó bá tán, iná lọ. Ìdí tí wọ́n fi fi irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣáájú yé mi dáadáa. Ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù lè wà nínú gbèsè kí ilé rẹ̀ ṣì máa gbóná títí ilé iṣẹ́ yóò fi kọ lẹ́tà sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo àsansílẹ̀ kò ní rí òṣìṣẹ́ kankan tí yóò wá gé iná rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gé e, ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀ ní títì, láìsí ẹni tó mọ̀.

Ní ti ìyára, n kò tíì rí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni wọ́n kọ orúkọ wa sílẹ̀, kí ó sì tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àmì fọ́ọ̀ṣà ti wà lórí fóònù mi. Ìbéèrè tí wọ́n bi wá kò ju bí owó inú mítà ti kù sí, iye ènìyàn tó wà nínú ilé, àti bóyá ẹnikẹ́ni nínú wa ń ṣàìsàn. Wọn kò béèrè ìwé owó oṣù, wọn kò sì ní kí a lọ mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ pásítọ̀.

Kí ló wá ṣe £34 àti pẹ́ńsì tó lé lórí rẹ̀? Gáàsì ní owó ojoojúmọ́ kan, tí wọ́n ń pè ní standing charge, tí wọ́n ń kà sí ọ lọ́rùn bí o tan bọ́ílà, bí o kò tan án. Ní ọdún náà ó tó pẹ́ńsì 29 lójúmọ́. Owó gáàsì wa ti tán ní àárín oṣù kẹjọ, nígbà tí oòrùn ń mú, tí ó sì jẹ́ iná mànàmáná ni a fi ń dáná tí a sì fi ń gbóná omi ìwẹ̀, a sì wò ó pé kí ni a fẹ́ fi gáàsì ṣe. A kò fi kọ́bọ̀ sí i fún ọjọ́ 84. Pẹ́ńsì 29 lọ́nà 84 jẹ́ £24.36. Nígbà tí òtútù dé lójijì, a tẹ bọ́tìnì tí mítà fi ń yáni ní £10, a sì ti lo ìyẹn tán kí fọ́ọ̀ṣà tó dé. Mítà kò mọ̀ bóyá owó àánú ni tàbí owó oṣù. Bí owó ti ń wọlé ni ó ń mú tirẹ̀. Bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ẹ̀bùn náà ṣe lọ sí gbèsè nìyẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ọjọ́ tí a kò tan iná rárá, ìyókù ni ó sì di ooru. Ó gbé wa dé ọjọ́ kẹrin, pẹ̀lú bí a ṣe ń tan bọ́ílà fún wákàtí méjì ní ìrọ̀lẹ́ àti ìdajì wákàtí ní òwúrọ̀.

Ẹni tó là mí lóye nípa ìṣirò yìí ni màmá àgbàlagbà kan, òyìnbó, tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní food bank inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti kọ orúkọ wa sílẹ̀. Mo padà lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo sì gbé ojú le díẹ̀ lọ. Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí àwòrán ojú mítà, ó fa bébà kan, ó ṣírò rẹ̀ níwájú mi bí ìyá olóúnjẹ ṣe ń ṣírò gbèsè oníbàárà rẹ̀, ó sì fi bírò yí £24.36 po lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù, ó pe ilé iṣẹ́ tó ń ta gáàsì fún wa, a sì jókòó fi ìṣẹ́jú 43 gbọ́ orin kan náà. Nígbà tí ẹnìkan dáhùn, ó bi í ní nǹkan mẹ́ta láìmí: pé kí ló dé tí wọn kò pín gbèsè ojoojúmọ́ náà sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀; pé ṣé wọ́n ti kọ orúkọ ilé tí ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún wà sínú ìwé àwọn oníbàárà tó nílò àmójútó pàtàkì; àti pé ṣé wọ́n ti fi owó àfikún tí Ofgem, àjọ ìjọba tó ń darí ọ̀rọ̀ gáàsì àti iná, ní kí wọ́n máa yá àwọn oníbàárà àsansílẹ̀ tí nǹkan bá le fún lọ ìdílé yìí rí. Kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀, £20 ti wọ inú mítà wa. Owó náà jẹ́ gbèsè o, wọ́n ń yọ £3 lọ́sẹ̀ títí ó fi tán, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó gé e kí ó tó di ooru.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá bi mí pé èwo ni ó dára jù nínú fọ́ọ̀ṣà àti màmá yẹn, màmá yẹn ni. Food bank tó ní irú rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì tó £100 lọ́wọ́ mi, food bank tó kàn ń fún ènìyàn ní nọ́ńbà fọ́ọ̀ṣà tí yóò sì ní ó dìgbà kan ná kò ju £15 lọ. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbà á: ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá yín wo gbèsè tó wà lára mítà, kí wọ́n pe ilé iṣẹ́, kí ẹ tó fi fọ́ọ̀ṣà náà sí i.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ìyẹn kọ́ ni ilẹ̀kùn tí mo kọ́kọ́ kàn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mo lọ sí ibòmíràn tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, níbi tí ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ti bi mí, níwájú bí ènìyàn mẹ́wàá, pé kí ló dé tí n kò ta fóònù tó wà lọ́wọ́ mi kí n fi ra gáàsì. Mo ti ṣiṣẹ́ báńkì ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́sàn-án kí a tó wá síbí. Èmi ni mo máa ń jókòó sẹ́yìn tábìlì tí àwọn mìíràn ń dúró níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà mú mi padà sílé, n kò sì sọ fún ìyàwó mi pé mo lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ènìyàn wa fi ń wọ kóòtù jẹun nínú ilé ju kí wọ́n lọ béèrè ìrànwọ́ lọ, kí ó rántí pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó jẹ́ àìmọ̀. Ojú ń ti wa. Ilé kan náà tí òtútù ti ń pa ọmọ ni a ti ń fi owó ọdún Kérésì ránṣẹ́ sílé, nítorí pé a kò lè jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ní ilé.

Ọ̀rọ̀ físà tún wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ dúró lé e lórí díẹ̀. Lára ìwé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wá fi ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ wọ̀lú, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò ní ẹ̀tọ́ sí owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún gbogbo ìlú, tí wọ́n ń pè ní public funds. Òfin ìwọ̀lú to àwọn owó náà lẹ́sẹẹsẹ: Universal Credit, Pension Credit tó wà fún àgbàlagbà tí owó rẹ̀ kò tó, Child Benefit, owó ìrànwọ́ ilé àti irú wọn. Orí àwọn wọ̀nyí ni ìrànwọ́ ìjọba fún ìgbà òtútù rọ̀ mọ́. Warm Home Discount, tó jẹ́ £150 tí wọ́n ń yọ kúrò nínú owó iná ẹni lọ́dún, àti Cold Weather Payment, tó jẹ́ £25 fún ọjọ́ méje tí òtútù bá wà ní òdo tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀ láàárín oṣù kọkànlá àti oṣù kẹta, kì í dé ọwọ́ ẹni tí kò bá sí lórí owó ìrànwọ́ ìjọba mìíràn. £400 tí ìjọba fún gbogbo ilé nígbà òtútù ọdún 2022 nìkan ni èmi rí gbà láìsí pé wọ́n bi mí ní físà, £66 ní oṣù méjì àkọ́kọ́ àti £67 ní oṣù mẹ́rin tó tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n owó àjọ aláàánú kò sí nínú àkọsílẹ̀ òfin náà. Oúnjẹ food bank kò sí níbẹ̀. Fọ́ọ̀ṣà gáàsì láti ọwọ́ àjọ aláàánú kò sí níbẹ̀. Mo mọ ìdílé kan ní àdúgbò wa, ọkọ, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, tí wọ́n fi gbogbo oṣù kìíní sùn sínú yàrá kan ṣoṣo nítorí pé ẹnìkan gbé ohùn sórí WhatsApp pé Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà, ń ka orúkọ àwọn tó ń lọ sí food bank, àti pé wọn yóò fi dù wọ́n ní ìwé ìgbélùú. Irọ́ gbuu ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó lọ bi agbaninímọ̀ràn tí òfin fún láṣẹ láti sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀lú, kí ó má ṣe bi ẹni tó ń ta wíìgì lórí WhatsApp. Kíkọ orúkọ sínú ìwé àmójútó pàtàkì tí mo mẹ́nu bà lókè náà kò la físà lọ. Ọ̀fẹ́ ni, ilé iṣẹ́ iná àti gáàsì rẹ ni ó ń ṣe é.

Àwọn tó ti pẹ́ ní ìlú yìí máa ń sọ pé òtútù kò yí padà, owó rẹ̀ ni ó yí padà, wọn kò sì parọ́. Gáàsì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ní Britain fi ń gbóná. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, iye tó ga jù tí Ofgem fàyè gbà kí wọ́n gbà lọ́wọ́ ilé tó ń lo iná níwọ̀nba jẹ́ £1,277 lọ́dún. Ó di £1,971 ní oṣù kẹrin ọdún 2022, lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà ti wọ Ukraine, ó sì di £3,549 ní oṣù kẹwàá ọdún náà, kí ìjọba tó fi owó gbogbo ìlú dá a dúró sí £2,500. Ó ti wálẹ̀ láti ìgbà náà, kò tíì wálẹ̀ dé ibi tó ti gbéra. Àárín ìgbà náà ni ìwé ìròyìn The Times tú àṣírí ní oṣù kejì ọdún 2023 pé wọ́n ń já ilẹ̀kùn àwọn tó jẹ gbèsè wọlé láti fi mítà àsansílẹ̀ sí wọn nílé. Ofgem dá a dúró, nígbà tí wọ́n sì ṣe òfin tuntun ní ìparí ọdún náà, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fi agbára gbé mítà bẹ́ẹ̀ sínú ilé tí ọmọ tí kò tó ọdún méjì wà, tàbí ilé ẹni tó ti lé ní ọdún 75 tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é fún yín, ẹ mẹ́nu ba òfin yìí.

Ìrànwọ́ kejì ni ti ẹ̀gbọ́n tí mo sọ. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ni ó ń wà, ó ń sanwó iná lóṣooṣù, nígbà tí ó sì fi ẹ̀yìn dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, gbèsè gáàsì àti iná rẹ̀ gun £1,100. Fọ́ọ̀ṣà kò lè ṣe nǹkan kan fún un, nítorí kì í ṣe àsansílẹ̀ ni ó ń lò. British Gas Energy Trust ni a gbà lọ, àjọ aláàánú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, tó máa ń san gbèsè iná àti gáàsì fún àwọn tí kò lágbára láti san án. Orúkọ rẹ̀ ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ẹni tí kì í ṣe oníbàárà British Gas náà lè bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n kì í sì í ṣe oníbàárà wọn. Owó náà kì í dé ọwọ́ ẹni; inú àkáǹtì ẹni ní ilé iṣẹ́ iná ni wọ́n ń san án sí tààrà, èyí tí mo fọwọ́ sí, nítorí owó tó bá gba ọwọ́ ẹni tó ní ìṣòro mẹ́wàá, ìṣòro mẹ́sàn-án yòókù yóò béèrè tiwọn.

Kí wọ́n tó fetí sí ọ, wọ́n fẹ́ kí o ti jókòó pẹ̀lú agbaninímọ̀ràn lórí gbèsè. Ẹ̀gbọ́n bínú sí èyí. Ó ní òun kò béèrè ìmọ̀ràn, owó gáàsì ni òun béèrè. Mo sìn ín lọ sí Citizens Advice, àjọ tó ti wà láti ìgbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939, ọ̀dọ́mọbìnrin kan sì gba gbogbo ìwé inú báàgì ọ̀rá tí ó gbé wá, ó tú wọn sílẹ̀, ó tò wọ́n ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Láàárín wákàtí kan ààbọ̀, ó ti rí i pé ìdá kan nínú gbèsè náà kì í ṣe tirẹ̀: ilé iṣẹ́ iná ti ń fojú dá iye tí ó lò fún oṣù méje láìka mítà, iye tí wọ́n fojú dá sì ju èyí tó wà lójú mítà lọ. £210 yọ kúrò kí a tó kọ lẹ́tà sí àjọ aláàánú kankan. Ó tún lo òfin Breathing Space fún un, èyí tó wà ní England àti Wales láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, tó ń dá àwọn olówó dúró fún ọjọ́ 60 kí wọ́n má lè fi èlé kún gbèsè tàbí rán agbowó sí ẹni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó iná oṣù tó ń bọ̀ kì í dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ó gbà kí ìdáhùn tó dé. Wọ́n san ìyókù gbèsè náà. Mo fún Citizens Advice ní gbogbo máàkì tí mo ní, mo yọ méjì nínú mẹ́wàá lára Energy Trust nítorí pé ilẹ̀kùn wọn kì í ṣí nígbà gbogbo: bí owó ọdún bá tán, wọn á ti fọ́ọ̀mù pa títí di ìgbà mìíràn, ẹni tó bá sì dé lọ́jọ́ kejì yóò bá ìkéde níbẹ̀. Ẹ tètè lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù. Àwọn ilé iṣẹ́ iná bíi EDF, E.ON Next, Octopus àti ScottishPower náà ní owó ìrànwọ́ tiwọn fún oníbàárà wọn, ẹ sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tiyín.

Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan èmi. Àǹtí ìyàwó mi jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní Taunton, ní Somerset, ó ti pé ọdún 78, ó sì ti lò tó ọdún 50 ní ìlú yìí. Gbogbo àgbàlagbà ni ó máa ń gba Winter Fuel Payment tẹ́lẹ̀, owó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1997, tó jẹ́ £200, tàbí £300 fún ilé tí ẹni ọdún 80 bá wà. Ní ọdún 2024, ìjọba ní àwọn tó ń gba Pension Credit àti irú rẹ̀ nìkan ni yóò máa rí i. Ní ọdún náà, ẹni tó dá gbé, tí owó rẹ̀ bá ju £218.15 lọ lọ́sẹ̀, kò sábà wọlé sínú Pension Credit. Owó ìfẹ̀yìntì àǹtí fi £6 ju bẹ́ẹ̀ lọ. £6 lọ́sẹ̀ gba £200 lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní agbègbè tí ó ń gbé gan-an ni ètò Surviving Winter ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ Somerset Community Foundation, ní ọdún 2010. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dà bí èésú tí a yí padà: àgbàlagbà tó ní owó tó, tí kò nílò Winter Fuel Payment tí ìjọba fi sínú báńkì rẹ̀, a fi í tọrẹ, a sì gbé e fún àgbàlagbà mìíràn ní àdúgbò kan náà tí òtútù ń dà láàmú. Àǹtí fúnra rẹ̀ ti fi tirẹ̀ tọrẹ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le tí ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2024, èmi ni mo ní kí ó lọ béèrè. Ó ní, "Èmi? Kí n lọ jókòó ti àwọn tí mo fún lówó?" Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin ti dá èésú, ó kan ọwọ́ yín láti kó o ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́ wò nílé kò wo owó nìkan. Ó rí i pé ráídíétọ̀ yàrá àlejò kò gbóná lókè, ó fi kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tú atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú ife tíì, ó sì fi fóòmù dí abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Owó náà tẹ̀lé e láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọdún 2025, ìjọba dá Winter Fuel Payment padà fún àgbàlagbà tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju £35,000 lọ lọ́dún, àǹtí sì ti padà sínú rẹ̀. Ó ti fi £50 nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí Surviving Winter. Àìtó ètò yìí ni pé agbègbè ni ó ń ṣe é. Ibi tí ẹ̀ ń gbé lè má ní irú rẹ̀, tàbí kí ó ní i lábẹ́ orúkọ mìíràn, àwọn tó ń bójú tó àgbàlagbà ní kánsù yín ni ẹ óò bi.

Yàrá gbígbóná ọ̀fẹ́ tí àwọn ilé ìkàwé ṣí láti ìgbà òtútù ọdún 2022 wà pẹ̀lú, mo lo ọ̀kan. Tíì wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń kàwé, ó dára títí di aago márùn-ún tí wọ́n ń tì í, nígbà tí òtútù gan-an ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tí n kò lè fi sílẹ̀ láìsọ: ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ yàrá, ẹ má sì ṣí ilẹ̀kùn àdògán gáàsì sílẹ̀ kí ẹ fi gbóná ilé. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń pa ìdílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Nàìjíríà náà ni, kò ní òórùn, ilé tí a sì ti di gbogbo ihò rẹ̀ nítorí òtútù ni ó ti ń tètè ṣiṣẹ́.

Ẹ̀sùn tí mo ní sí gbogbo wọn pọ̀ ni pé èdè wọn le. Fọ́ọ̀mù kan béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi, ẹni tó kàwé gboyè kejì, pé kí ó sọ irú "tariff", ìyẹn ètò iye owó gáàsì àti iná, tí a wà lórí rẹ̀, ó sì fi ọjọ́ méjì wá a. Màmá tí kò gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀ kò ní dé ojú ewé kejì. Mo ti rí food bank tó ní ìwé àlàyé ní èdè Polish, Somali àti Bengali lórí tábìlì. Ti Yorùbá kò sí, ní àdúgbò tí ọjà rẹ̀ kún fún ẹ̀wà olóyin àti èlùbọ́. Mo sọ fún wọn pé mo lè bá wọn kọ ọ́. Wọ́n gba nọ́ńbà mi.

Ní ti ilé tèmi, a ṣì wà lórí àsansílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, nígbà tí oòrùn mú tí gbogbo fèrèsé sì wà ní ṣíṣí, ìyàwó mi rí mi níbi tí mo ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú káàdì gáàsì lọ́wọ́, ó bi mí pé ta ló ń dáná sun ara rẹ̀ nínú ooru yìí. Mo ti fi £5 sí i. Mo ki káàdì bọ mítà, mo tẹ bọ́tìnì, a sì jọ tẹ̀ sí abẹ́ àtẹ̀gùn láti wò ó: £6.20, gbèsè òdo.